Fífi sọ́kẹ́ẹ̀tì USB kún iná inú ọkọ̀ ilé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọkọ̀ ilé ni mo ń pe mọ́tò tí wọ́n kọ́ bí ilé, tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ibi ìfọbọ́ nínú. Èyí tó bá ti pẹ́ díẹ̀ lè má ní ju ihò ìtanná sìgá kan lọ níwájú awakọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ ní fóònù mẹ́rin, tábúlẹ́ẹ̀tì méjì àti láptọ́ọ̀pù kan. Iṣẹ́ yìí kò le, ìdajì ọjọ́ tó o. Àmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn ń tẹjú mọ́ ló rọrùn jù nínú rẹ̀. Wáyà àti fíúsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ niṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ ni màá sì ti sọ̀rọ̀ jù.

Ṣé mi ò kúkú lè ki ṣájà bọ ihò ìtanná sìgá, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ fóònù kan lójú ọ̀nà. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilé, bátìrì ẹ́ńjìnnì ló ń fún ihò yẹn níná. Ẹ fi tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ sí i lálẹ́, ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tí mọ́tò kò rìn, ẹ wá ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Ìyẹn nìkan kọ́. Ihò yẹn kì í di ṣájà mú dáadáa. Bí mọ́tò ṣe ń gbọ̀n ni ṣájà ń yọ díẹ̀díẹ̀, ibi tí irin kò bá sì ti fara kan irin dáadáa ni ooru ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan orí ṣájà olówó pọ́ọ́kú lẹ́yìn tó ti gbé láptọ́ọ̀pù fún wákàtí kan, ẹ ó gbà mí gbọ́. Ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn wá ńkọ́? Ṣé okùn ṣájà mítà mẹ́rin ló máa lò?

Bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ mi. Ara èwo ni kí n ti fa iná?

Ara bátìrì inú ilé, ìyẹn èyí tó wà fún ibi tí ẹ ń gbé nínú ọkọ̀. Ti ẹ́ńjìnnì wà fún kí ó tú agbára ńlá jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan láti fi ta ẹ́ńjìnnì jí, kò fẹ́ kí èèyàn máa fà á gbẹ. Ti inú ilé ni wọ́n ṣe fún iná díẹ̀díẹ̀ tó ń lọ fún wákàtí gígùn.

Bí ẹ kò bá mọ wáyà tó jẹ́ ti èwo, ẹ pa súìṣì ńlá iná inú ilé lórí pánẹ́ẹ̀lì. Wáyà tí mítà iná (ẹ̀rọ àfọwọ́mú kékeré tí wọ́n fi ń wọn volt, ìyẹn V) bá ṣì ń ka 12V lára rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn lè jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó gba iná tààrà lọ́dọ̀ bátìrì láìgba ojú súìṣì. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Ínfátà wà nínú ọkọ̀ mi. Kí ló dé tí mi ò fi ní máa lo ṣájà ilé?

Ẹ wo ohun tí iná yẹn ń là kọjá. Ínfátà gbé e láti 12V lọ sókè gan-an, sí 230V tàbí 120V, ṣájà tún gbé e padà wálẹ̀ sí 5V. Lójú ọ̀nà méjèèjì ni díẹ̀ ti ń ṣòfò, ó ń di ooru. Ínfátà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ iná bí ó bá ti wà ní títàn, kódà bí kò gbé nǹkan kan. Sọ́kẹ́ẹ̀tì USB gbé e láti 12V sí 5V lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ fi ínfátà sílẹ̀ fún ohun tí kò lè ṣe láìsí i.

Irú sọ́kẹ́ẹ̀tì wo ni kí n rà?

Ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe ni kó sọ ọ́. Ihò USB àtijọ́ tó fẹ̀, ìyẹn USB-A, máa ń gbé 2.1A tàbí 2.4A (A ni amp, bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) ní 5V, ìyẹn bí 10W sí 12W (W ni watt, amp ìlọ́po volt). Ó tó fún fóònù, ó tó fún iná ìkàwé kékeré. Láptọ́ọ̀pù kò ní dá a lóhùn. Èyí tí wọ́n bá kọ QC 3.0 (ọ̀nà ìgbaná kíákíá kan) sí lára ń gbé bíi 18W fún fóònù tó bá gbọ́ èdè rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ra tuntun lónìí, ẹ jẹ́ kí ó kéré tán ní ihò USB-C kan tó ní PD. PD ni ọ̀nà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ohun tí a kì bọ̀ ọ́ fi ń bá ara wọn dúnàádúrà: fóònù a ní òun fẹ́ 9V, láptọ́ọ̀pù a ní òun fẹ́ 20V, sọ́kẹ́ẹ̀tì á fún un bí agbára rẹ̀ bá gbé e. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ USB-C di dandan fún fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wọn láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n sì fi láptọ́ọ̀pù sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2026. Ihò fífẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n kò tíì lọ tán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú irú méjèèjì ni mo máa ń fi sí ibi kọ̀ọ̀kan.

Ohun méjì ni kí ẹ kà lára páálí kí ẹ tó sanwó. Àkọ́kọ́, ṣé iye watt tí wọ́n kọ gàdàgbà yẹn jẹ́ ti ihò kan ni, àbí ti gbogbo ihò lápapọ̀? Ọ̀pọ̀ ń pín agbára bí ẹ bá ti ki okùn kejì bọ̀ ọ́. Ìkejì, kí wọ́n kọ 12–24V sí i ní ti iná tó ń wọlé. Bátìrì tó ń gba iná lọ́wọ́ máa ń dé 14.4V tàbí kó lé díẹ̀, ọjà tí kò bá lè gba ìyẹn mọ́ra kò yẹ kó dé inú mọ́tò rárá.

Wáyà tó nípọn tó báwo, fíúsì èló?

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ nìyí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara watt.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì, 2.4A lọ́kọ̀ọ̀kan ní 5V, jẹ́ 24W lápapọ̀. Ẹ fi díẹ̀ kún un nítorí ohun tó ń ṣòfò nínú rẹ̀, ó di bíi 27W. Ẹ pín in sí 12V, ó di 2.2A. Bó ti kéré tó nìyẹn. Wáyà 1.5mm² gbé e bí ẹni gbé ìyẹ́ ẹyẹ, fíúsì 5A sì tó o.

Ẹ wá ṣe é fún sọ́kẹ́ẹ̀tì PD 100W. Pẹ̀lú ohun tó ń ṣòfò, ó di bíi 111W. Lórí 12V, 9.3A nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ká ní sọ́kẹ́ẹ̀tì jìnnà sí àpótí fíúsì ní mítà márùn-ún. Iná ń lọ, ó ń bọ̀, nítorí náà mítà mẹ́wàá wáyà ni ẹ ó kà. Lórí 1.5mm², bí 1.1V ló máa sọnù sójú ọ̀nà. Bátìrì tó wà ní 12.2V á wá di 11.1V nígbà tí iná fi máa dé ọ̀dọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì kan á sì pa ara wọn níbẹ̀. Lórí 4mm², 0.4V péré ló ń sọnù. Nítorí náà: 4mm² pẹ̀lú fíúsì 15A fún 100W, 2.5mm² pẹ̀lú fíúsì 10A fún 60W, bí ọ̀nà kò bá ju mítà márùn-ún yẹn lọ. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé wáyà sókè ní ìpele kan.

Kí wáyà náà jẹ́ èyí tó ní ọ̀pọ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, irú ti mọ́tò. Wáyà ilé tó jẹ́ irin kan ṣoṣo tó le kì í fara da gbígbọ̀n. Bó pẹ́ bó yá, ó máa ṣẹ́ nínú rọ́bà rẹ̀, ojú ò ní rí i.

Ṣebí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo rà ní ààbò nínú. Kí ni mo tún fẹ́ fi fíúsì ṣe?

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ ni fíúsì ń ṣọ́, wáyà ni. Ẹni tí èyí bá yé kò ní ṣì iṣẹ́ yìí ṣe. Ààbò inú sọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní ìparí ọ̀nà; bí wáyà bá bó láàárín ọ̀nà, tí ó kan irin, ààbò yẹn kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Bátìrì lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún amp sórí wáyà tín-ín-rín lẹ́ẹ̀kan náà. Pákó pẹlẹbẹ àti fóòmù ló wà lẹ́yìn ògiri ọkọ̀ ilé, ẹ ṣe ìṣirò tó kù.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tàn, inú mi dùn. Mo dá kọ́bọ́ọ̀dù padà sáyè rẹ̀, mo dè é ní ìdè mẹ́rin, ìyẹn síkúrúù. Mo tan iná, fíúsì já. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó tún já, pẹ́rẹ́, kí n tó gbọ́wọ́ kúrò. Fíúsì 20A wà nínú àpò mi lọ́jọ́ náà, ó sì ń ṣe mí bíi kí n fi sí i, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo tú kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ dípò rẹ̀. Ìdè kẹta ti gún wáyà méjèèjì ní àgúnyọ, ojú ibẹ̀ ti dúdú, tó bí orí ìṣáná. Bí mo bá fi 20A yẹn sí i ni, wáyà ni ì bá di fíúsì.

Ẹ fi fíúsì sí ìdí ibi tí iná ti ń bọ̀, kì í ṣe ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fà á láti ara bátìrì tààrà, kí ó má jìnnà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì lọ sí orí bátìrì.

Ibo gan-an ni kí n so ó mọ́?

Ibi tó dára jù ni àyè òfìfo nínú àpótí fíúsì inú ilé. Ẹ fi fíúsì tirẹ̀ sí i, ẹ fi ìwé pélébé kọ orúkọ sí i lára, ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn yín á ṣàdúrà fún yín.

Bí kò bá sí àyè, ẹ lè fà á láti ara wáyà gílóòbù kan tó wà nítòsí, àmọ́ fún sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré nìkan. Àwọn gílóòbù LED òde òní kò jẹ iná púpọ̀, nítorí náà 2A tó kún un kì í sábàá ni wáyà wọn lára. Ẹ ka fíúsì tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe é, ẹ má sì tìtorí sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun gbé fíúsì àtijọ́ yẹn sókè. Fún PD 60W tàbí 100W, ẹ fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: wáyà fíríìjì, ti ẹ̀rọ amúlé-móoru, àti ohunkóhun tó bá jẹ́ ti mọ́tò fúnra rẹ̀, pàápàá ti bíréèkì àti ti bàlúù inú ìdarí tó ń tú jáde nígbà ìjàǹbá.

Ṣé mo lè fi ara mọ́tò ṣe nẹ́gẹ́tíìfù?

Níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, irin wà. Ní ẹ̀yìn, pákó, rọ́bà líle àti alumí pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fóòmù ni ògiri, iná kò rọ́nà gbà padà níbẹ̀. Wáyà méjì ni kí ẹ fà lọ, kí wọ́n sì nípọn bákan náà. Bí ọkọ̀ yín bá ní ẹ̀rọ tó ń ka iye iná tó kù nínú bátìrì, ẹ má so nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ orí bátìrì ní tààrà. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ẹ̀rọ náà, ibi tí àwọn nẹ́gẹ́tíìfù yòókù kóra jọ sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń jẹ kò ní hàn nínú ìṣirò rẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé bátìrì kún nígbà tí kò kún mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ yọ bátìrì kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nẹ́gẹ́tíìfù ni ẹ ó kọ́kọ́ tú, òun náà ni ẹ ó so gbẹ̀yìn. Àmọ́ bátìrì nìkan kọ́ ni orísun iná. Ẹ yọ okùn iná ìta, ẹ sì yọ sólà kúrò lára ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ kí ẹ tó tú bátìrì. Oòrùn kì í gba ìsinmi, àwọn ẹ̀rọ ìdarí sólà kan sì wà tó máa ń bàjẹ́ bí sólà bá ṣì ń fún wọn níná tí bátìrì kò sí níbẹ̀ mọ́.

Báwo ni mo ṣe máa lu ihò rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì róbótó ń fẹ́ ihò tó fẹ̀ ní bíi 28 tàbí 29mm, ẹ wọn tiyín kí ẹ tó lù. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn ibẹ̀ kí dírílì tó kan ohunkóhun. Páìpù gáàsì, páìpù omi àti wáyà àtijọ́ lè gba ibi tí ẹ kò rò. Ògiri tó kọjú síta ni kí ẹ sá fún jù, torí bí ẹ bá lù ú yọ sójú òjò, ẹ ti dá omi síná nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ìdí àga, ìsàlẹ̀ tábìlì, àwọn ibẹ̀ ló dára.

Ẹ lẹ téèpù pépà mọ́ ojú ibi tí ẹ fẹ́ lù, ẹ sàmì sí i, kí ẹ kọ́kọ́ fi dírílì tín-ín-rín lu àárín rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ẹ fi ayùn róbótó gé e wá sí ìdajì láti iwájú, kí ẹ sì parí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Èépá kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ̀ ilé fúyẹ́ bí èépá ìwé. Bí ẹ bá gé e láti ẹ̀gbẹ́ kan títí yọ, á ya lójú gbogbo ayé. Níbi tí wáyà bá ti gba inú irin kọjá, ẹ fi òrùka rọ́bà sí ihò náà. Kí wáyà má sì rọ̀ dirodiro lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ dè é mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Ṣé kí n fi lẹ́ẹ̀dì jó ojúkò wáyà ni, àbí kí n fi páláyà fún orí irin pa mọ́ ọn?

Ẹ fi páláyà fún un, páláyà tó jẹ́ ti iṣẹ́ náà, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń tú bóòtù. Lẹ́ẹ̀dì máa ń sọ wáyà di líle níbi tó parí sí, ibẹ̀ gan-an ni gbígbọ̀n sì máa ń ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní 6.3mm, orí wáyà tó bá a mu kò ṣòro rí. Lẹ́yìn tí ẹ bá fún un tán, ẹ fà á tagbára-tagbára. Èyí tó bá yọ lọ́wọ́ yín lónìí, ì bá yọ fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́la. Ní ti àwọn tó ń lọ́ wáyà méjì pọ̀ tí wọ́n á fi téèpù wé e, ooru á yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù náà, á sì tú.

Pupa ni pósítíìfù, dúdú ni nẹ́gẹ́tíìfù, àbí?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀, ẹni tó ti ṣe é ṣáájú yín sì lè ti lo wáyà tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mítà iná kò náni tó sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, òun ni kó sọ òtítọ́. Bí ẹ bá yí wáyà méjèèjì padà lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tí kò ní ààbò á kú kí ẹ tó mọ̀, á sì máa rùn.

Ṣé kò ní fa bátìrì mi gbẹ?

Fóònù kì í fa bátìrì gbẹ. Bátìrì fóònù tó jẹ́ 4000mAh gba bí 15Wh (watt ìlọ́po wákàtí); pẹ̀lú ohun tó ń ṣòfò, ẹ fi í sí 20Wh, ìyẹn bíi 1.7Ah (amp ìlọ́po wákàtí) péré lára bátìrì 12V. Bátìrì olójé 100Ah tí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ á kún irú fóònù bẹ́ẹ̀ ní bí ọgbọ̀n ìgbà.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ṣe nǹkan kan ni kí ẹ máa ṣọ́. Iná búlúù tó ń tàn lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, àti nọ́ńbà tó ń ka volt, ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ká ní 10mA ni ọ̀kan ń jẹ. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 40mA, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 29Ah lóṣù kan. Ọkọ̀ tí ẹ gbé pamọ́ fún oṣù mẹ́ta á bá yín pẹ̀lú bátìrì tó ti kú. Ẹ ra èyí tó ní súìṣì lára, tàbí kí ẹ so gbogbo wọn sábẹ́ súìṣì kan. Èmi kì í ra èyí tó ní iná búlúù rárá, nítorí èèyàn ń sùn nínú ọkọ̀ yìí.

Ó ń tàn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, á kú, á tún jí.

Ẹ ki mítà iná sẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí láptọ́ọ̀pù wà lórí rẹ̀, kí ẹ ka volt. Ẹ ka ti orí bátìrì pẹ̀lú. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 0.5V lọ, wáyà tín-ín-rín jù tàbí ojúkò kan kò mú. Ẹ fọwọ́ kan àwọn ojúkò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá gbóná ni ọ̀daràn. Bí volt bá wà dáadáa, ẹ wo okùn: USB-C tí kì í ṣe ti 5A kò ní gbà kí ohunkóhun kọjá 60W.

Rédíò mi ń hó látìgbà tí mo ti ṣe é.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ń tú ariwo iná jáde. Ẹ yọ fíúsì rẹ̀ kí ẹ gbọ́ bóyá ó dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ẹ gbé wáyà rẹ̀ jìnnà sí wáyà eriali, ẹ kó òrùka dúdú tí wọ́n ń pè ní ferrite, tó ń pa irú ariwo yìí, sí i lọ́rùn. Bí kò bá gbọ́, ẹ ra òmíràn tó dára.

Ṣé mo lè fi ọ̀kan sínú àpótí gáàsì tàbí ti bátìrì?

Rárá o. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí súìṣì tó lè ta pàrà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Mo ti so gbogbo rẹ̀ tán. Kí ni mo kọ́kọ́ máa fi dán an wò?

Kì í ṣe fóònù tuntun. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà iná wo pósítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ ihò, lẹ́yìn náà ẹ fi fóònù àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti là sí méjì dán an wò. Bí ìyẹn bá ti gba iná fún ìdajì wákàtí, ẹ gbé ohun tó wúwo jù tí ẹ ní lé e, ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan, kí ẹ máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ojúkò wáyà àti ilé fíúsì. Kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í ṣe nǹkan. Èyí tí ọwọ́ kò bá lè gbé lé, ẹ yọ fíúsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì tó ti kọ́bọ́ọ̀dù padà, ẹ fi fóònù yín ya àwòrán ibi tí wáyà gbà, nítorí ìdè kẹta tèmi yẹn.